Ojú Tó Ń Wo Epo Nínú Ìgò

Ojú-Ìwọ̀n kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn oníbàárà ló pè é bẹ́ẹ̀, ó sì gbà á bí ẹni gba oyè. Ife ìwọ̀n kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lóòótọ́, ife oníke tí wọ́n fa ilà tí wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí lára, ṣùgbọ́n ìṣó àti nọ́ọ̀tì ló ń kó sínú rẹ̀. Ojú ni ọkùnrin yìí fi ń wọn nǹkan, láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó ti ń tún ẹ́ńjìnnì kéékèèké ṣe.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ epo yìí yé ara wa, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ẹ́ńjìnnì kékeré kò mọ oúnjẹ yàtọ̀. Irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ inú ilé ló ní ibi tí ọ́ìlì tirẹ̀ ń gbé nísàlẹ̀. Bẹntiróòlù lásán ni wọ́n ń bù sí i lókè, àwọn méjèèjì kò sì gbọdọ̀ pàdé. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń gé igi kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní ilé ọ́ìlì. Inú bẹntiróòlù tó ń mu náà ló ti ń rí ọ́ìlì tí yóò fi ra irin rẹ̀, nítorí náà ènìyàn gbọ́dọ̀ po méjèèjì pọ̀ kó tó bù ú fún un: ní ti ayùn tí à ń sọ yìí, ìgò ọ́ìlì kan sí ìgò bẹntiróòlù márùndínlọ́gbọ̀n. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, èéfín á gba gbogbo àdúgbò, pílọ́ọ̀gì á sì dúdú. Bí kò bá sí níbẹ̀ rárá, irin á máa ha irin, á gbóná, á sì gan pa. Àwọn mẹkáníìkì á ní ó ti nọ́ọ̀kì.

Kẹ́ẹ̀gì méjì ló wà lábẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù náà. Funfun jẹ́ ti bẹntiróòlù lásán, dúdú jẹ́ ti àpòpọ̀. Bí Ojú-Ìwọ̀n bá fẹ́ pò ó, á da ọ́ìlì sínú kẹ́ẹ̀gì dúdú láìwọ̀n ọ́n, á mì í dáadáa, á bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́, á sì gbé ìgò náà sókè síbi tí oòrùn ti ń wọlé. Bẹntiróòlù lásán a máa mọ́ gaara bí omi. Àpòpọ̀ tó péye a máa rí bíi tíì tí wọ́n bomi là fún aláìsàn. Á wò ó, á mi orí, á ní, "Ó ti débẹ̀." Kì í ṣe ìgbéraga lásán, ẹ má ṣì í gbọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn oníbàárà ti fi ife dán an wò, owó tí wọ́n sì fi ta tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀ kò bá wọn délé.

Ọkùnrin kejì nínú ṣọ́ọ̀bù náà ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Jẹ́jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ ọ níṣẹ́, wọ́n sì ti jọ ń ṣe é fún ọdún méjìdínlógún. Bọ́ọ̀tì tí ẹlòmíràn á fi ìbínú fà já, Jẹ́jẹ́ á máa bẹ̀ ẹ́ títí á fi jáde fúnra rẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó kọ́kọ́ ń kí ẹ́ńjìnnì, ó ń bi í léèrè ara àti ọmọ, kó tó ṣí i. Òun ló máa ń bu epo fún oníbàárà, òun ló sì máa ń nu tábìlì lálẹ́. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló dá a lábàá pé kí àwọn kó ìṣó kúrò nínú ife ìwọ̀n kí àwọn máa lò ó. Ẹ̀gbọ́n bi í bóyá ife ló bí òun ni. Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Ojú ń dàgbà bí ara ṣe ń dàgbà. Nígbà tí Ojú-Ìwọ̀n pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, nǹkan bíi kúrukùru bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó lójú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní gílóòbù tí wọ́n ń tà lóde òní kò láyọ̀lé. Ó ní fèrèsé ilé dọ̀tí, ìyàwó rẹ̀ sì fọ fèrèsé náà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọkọ ní ìwòkuwò. Bí ìyàwó bá sọ pé kí wọ́n lọ yẹ ojú wò, á bi í pé ta ni yóò máa pe ẹni tó lọ yẹ ojú wò ní Ojú-Ìwọ̀n. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà á gan-an nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó da bẹntiróòlù kún kẹ́ẹ̀gì dúdú, ó gbé agolo ọ́ìlì, ó fẹ́ dà á. Obìnrin kan pè é láti òdìkejì títì pé epo ń jò lára jẹnẹrétọ̀ òun. Ó lọ, ó bá a di í, ó padà. Nígbà tó dé, kò rántí mọ́ bóyá ó ti da ọ́ìlì sí i tàbí kò tíì dà á. Ẹlòmíràn ì bá da gbogbo rẹ̀ padà sínú funfun, kó sì tún un bẹ̀rẹ̀. Ojú-Ìwọ̀n bu epo náà sínú ìgò, ó gbé e síbi oòrùn, ó sì rí tíì olómi níbẹ̀. Ó mi orí. Ó ní ó ti débẹ̀. Ó dé kẹ́ẹ̀gì.

Kò pẹ́ tí agégẹdú kan fi dé. Ẹ̀yìn ìlú ló ti ń gé igi, ayùn rẹ̀ ló sì fi ń bọ́ ilé. Ó ní kí wọ́n bu àpòpọ̀ fún òun, gbogbo ohun tó bá wà, nítorí òun ń lọ fún ọjọ́ púpọ̀. Jẹ́jẹ́ gbé àrọ, ó da gbogbo epo inú kẹ́ẹ̀gì dúdú sínú kẹ́ẹ̀gì agégẹdú, ó kí i pé á kóre délé.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni ọkùnrin náà padà. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé ayùn lé orí tábìlì bí ẹni gbé òkú ọmọ rẹ̀ kalẹ̀. Ojú-Ìwọ̀n fa okùn rẹ̀, okùn kò gbéra. Ó tú ibi tí èéfín ń gbà jáde, ó ti ìka bọ ibẹ̀, ó sì kan ara písítìn: ó ti ha yánnayànna. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kò ní béèrè ìbéèrè kejì. Epo tí kò ní ọ́ìlì ló mu.

Ènìyàn márùn-ún ló wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà náà: agégẹdú, bàbá télọ̀ tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, obìnrin oníjẹnẹrétọ̀ ọjọ́sí, àti ọkùnrin méjì tó ń dúró de iṣẹ́ wọn. Ojú-Ìwọ̀n fẹ́ kí gbogbo wọn rí i. Ó ya ewé kan lára kàlẹ́ńdà àtijọ́, ó kán díẹ̀ sí i nínú epo tó kù sí agégẹdú lọ́wọ́, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bẹntiróòlù a máa fò lọ, ọ́ìlì a máa dúró. Bí ọ́ìlì bá wà níbẹ̀, àbàwọ́n á kù sórí ìwé. Ìwé gbẹ. Agégẹdú gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

"Ìwé kì í purọ́," ni Ojú-Ìwọ̀n wí. "Ojú tèmi náà kì í purọ́. Mo wo epo yẹn nínú ìgò kí n tó dé kẹ́ẹ̀gì. Ta wá ni òpùrọ́?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Jẹ́jẹ́. Ó ní inú kẹ́ẹ̀gì dúdú lòun ti bu epo náà, gẹ́gẹ́ bí òun ti máa ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n ní bó bá jẹ́ dúdú ló ti bù ú ni, ọ́ìlì á wà níbẹ̀. Funfun ló bù, nítorí pé ojú oorun ló fi ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Jẹ́jẹ́ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú, ó wò ó pẹ́, bí ẹni ń wá nǹkan sínú yàrá tó ṣókùnkùn.

"Bọ́ aṣọ iṣẹ́ yẹn sílẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Mi ò fẹ́ rí ẹ nídìí ẹ́ńjìnnì mi mọ́."

Jẹ́jẹ́ bọ́ ọ, ó ká a sí mẹ́rin, ó gbé e lé etí tábìlì níbi tí kò sí gírísì. Ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n." Ó sì jáde.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún Ojú-Ìwọ̀n kò dé ibẹ̀. Ó tún ayùn agégẹdú ṣe láìgba nǹkan kan, ọkùnrin náà sì ń yìn ín káàkiri pé olóòótọ́ ènìyàn ni, ẹni tó lè lé ọmọ ìyá ara rẹ̀ nítorí òdodo. Ṣùgbọ́n ibi tó bá ti ń yin ẹ̀gbọ́n ló ti ń ba àbúrò jẹ́. Jẹ́jẹ́ ta àtíbàbà kan sí òpópónà kẹta, ó to irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta, ènìyàn mẹ́rin ló gbé ẹ́ńjìnnì wá, méjì nínú wọn sì tún gbé e lọ nígbà tí wọ́n gbọ́ pé òun ló pa ayùn agégẹdú. Nígbà tó yá, ó ká àtíbàbà, ó lọ gba iṣẹ́ ṣíṣọ́ géètì nílé ìkó-símẹ́ńtì-sí kan ní ìkangun ìlú.

Ìyàwó Ojú-Ìwọ̀n kò yéé bẹ̀ ẹ́. "Bàbá wọn, ẹ jẹ́ á lọ wò ó. Ọmọ ìyá yín ni." Ìdáhùn kan náà ló ń gbà: ẹni tó jẹ̀bi ló ń wá bẹ̀bẹ̀. Ọdún kan kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọdún méjì kọjá, ó di mẹ́ta.

Ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ni pé ọwọ́ rẹ̀ gbé agolo ọ́ìlì, ó sì ń dà á lọ sẹ́nu ibi tí bẹntiróòlù ń gbà wọ jẹnẹrétọ̀ oníbàárà kan. Oníbàárà náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò sí gílóòbù tó lè jẹ̀bi èyí. Ní ilé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan tan iná sí i lójú, ó ní ohun tó ń ṣe é kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná: ẹyinjú méjèèjì ti pọ́n bí gíláàsì tí èéfín bò, ó sì ti tó ọdún mẹ́fà tàbí méje tó ti bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún, òsì á tẹ̀ lé e lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó dúpẹ́. Kò ro ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́fà yẹn rárá. Inú rẹ̀ dùn nígbà tí wọ́n tú aṣọ lójú ọ̀tún, ó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn dé ilé, débi pé ìyàwó rẹ̀ ní kó sinmi, ọlọ́pàá kò rán an níṣẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dé ni ẹ̀rọ ìgékoríko tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, òun náà sì jẹ́ alápòpọ̀. Ó da bẹntiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì dúdú. Kò tíì fọwọ́ kan ọ́ìlì. Ó kàn fẹ́ fi ojú tuntun wo epo ni, ó bu díẹ̀ sínú ìgò, ó gbé e síbi oòrùn.

Ó mọ́ gaara bí omi. Ó rẹ́rìn-ín. Ìgò náà ń tàn yanran, ìtànṣán rẹ̀ wọ̀ ọ́ lójú tuntun, ó sì di ojú náà díẹ̀ kó lè sinmi. Ojú òsì nìkan ló wá ń wo ìgò.

Tíì olómi ló wà nínú rẹ̀.

Ó la ojú ọ̀tún, ó di òsì: omi. Ó di ọ̀tún, ó la òsì: tíì. Ó ṣe é títí, bí ọmọdé tó ń ṣeré. Epo kan náà ni. Kò sí ọ́ìlì níbẹ̀. Ọjọ́ náà padà wá bá a lódindi: obìnrin tó pè é láti òdìkejì títì, agolo ọ́ìlì tó gbé kalẹ̀, bó ṣe padà dé tí kò rántí, bó ṣe mi orí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ ọ̀sán dé, ó bá a níbẹ̀, ìgò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ ohun gbogbo fún un. Obìnrin náà kò ní "ṣé mo sọ fún yín". Ó kàn gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ wẹ̀, kó lọ bá àbúrò rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ kan ló tó lè lọ. Ilé ìkó-símẹ́ńtì-sí náà ga, kò ní fèrèsé, eruku aláwọ̀ eérú bo ohun gbogbo tó wà níbẹ̀, títí kan irun orí Jẹ́jẹ́. Ó ti hu ewú, tàbí símẹ́ńtì ni. Ojú-Ìwọ̀n kò lè sọ. Jẹ́jẹ́ rí i lókèèrè, ó dìde, ó tẹríba kí i, ó gbé àga kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu géètì fún un. Òun fúnra rẹ̀ dúró. Wọ́n béèrè ara àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí Ojú-Ìwọ̀n ti tò láti ilé ti túká, èyí tó jáde kò ju ìlà kan lọ.

"Epo agégẹdú yẹn, èmi ni mi ò fi ọ́ìlì sí i."

Ọkọ̀ ńlá kan ń fun fèrè. Jẹ́jẹ́ lọ ṣí géètì, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé, ó ti géètì, ó rọra padà wá.

"Mo mọ̀," ló wí.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ẹ kí bàbá télọ̀ pé 'ẹ kú iṣẹ́, ìyá'. Bàbá yẹn di irùngbọ̀n ẹ̀ mú lẹ́yìn yín, ó ní kí n bá òun bi yín bóyá ti obìnrin ni."

Ojú-Ìwọ̀n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Ó bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́.

"Níwájú agégẹdú? Kí n ní ẹ̀gbọ́n mi ò ríran mọ́? Ta ló máa tún gbé ẹ́ńjìnnì wá fún yín lẹ́yìn ìyẹn?" Jẹ́jẹ́ ń fi ìka pa eruku orí ìwé rẹ̀ rẹ́. "Mo rò pé ẹ máa pè mí nílé. Pé tó bá ti ku àwa méjì, ẹ máa ní, 'Jẹ́jẹ́, báwo lọ̀rọ̀ yìí ṣe jẹ́ gan-an?' Mo ti to bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí ò fi ní dùn yín. Mo wá dúró. Gbogbo ìgbà tí mo fi wà lábẹ́ àtíbàbà yẹn, ẹ̀yin ni mò ń retí, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe oníbàárà."

Agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ojú-Ìwọ̀n mọ òwe náà dáadáa, ó ti fi bá ọ̀pọ̀ ènìyàn wí rí. Kò mọ̀ pé ẹnìkan tí òun gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ojú òun fúnra òun ni.

Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wá. Ó ní ṣọ́ọ̀bù di tirẹ̀, kó jẹ́ ọ̀gá, kí òun máa nu tábìlì. Jẹ́jẹ́ kọ̀. Ó ní òun kò bínú bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí òun bá gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì báyìí, ọwọ́ òun á kọ́kọ́ máa wá ẹni tó máa fi ẹ̀sùn kan òun. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kì í tú nǹkan tó díjú.

"Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ, ibi tí ẹ ti sọ ọ́ ni kí ẹ ti lọ kó o. Kì í ṣe ibí."

Ojú-Ìwọ̀n ṣèlérí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó lọ sí ẹ̀yìn ìlú, wọ́n ní agégẹdú ti kó lọ síbi tí igi ṣì kù. Nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fún un kò wọlé. Bàbá télọ̀ ti kú láti ọdún tó kọjá, ọmọ rẹ̀ ló ń lo yàrá náà, kò sì gbọ́ nípa ayùn kankan rí. Obìnrin oníjẹnẹrétọ̀ ti kó kúrò lódìkejì títì. Ó ku ọkùnrin méjì tó ń dúró de iṣẹ́ wọn. Ojú-Ìwọ̀n ronú, ó ronú, ó bi ìyàwó rẹ̀, ó bi àwọn aládùúgbò. Ta ni wọ́n? Òun fúnra rẹ̀ kò lè mọ̀. Lọ́jọ́ náà, òjìji méjì ló rí, ojú rẹ̀ kò mú wọn.

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde ní ẹnu ènìyàn wọ̀nyí, ó ti dé ibi tí kò mọ̀, ó sì ń gbé níbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sáré tẹ̀ lé e.

Ohun tó wá ń ṣe ni pé gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ló ń sọ ọ́ fún. Àwọn kan á ní "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá", wọ́n á máa wo irinṣẹ́. Àwọn kan rò pé ọjọ́ ogbó ló dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré wá, ó béèrè bóyá òótọ́ ni pé ó yẹ kí òun máa po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀. Ojú-Ìwọ̀n ní rárá, ọ̀tọ̀ ni ilé ọ́ìlì èyí, ó fi hàn án nísàlẹ̀, ó ní ẹni tó bá sọ nǹkan mìíràn fún un kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, epo kan jáde láti ṣọ́ọ̀bù yìí láìní ọ́ìlì, wọ́n sì ní Jẹ́jẹ́ ló ṣe é. Kì í ṣe Jẹ́jẹ́. Òun ni.

Obìnrin náà ti gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró, ó yí ojú padà.

"Bàbá, ta ni Jẹ́jẹ́?"

Ojú-Ìwọ̀n fa bẹ́ǹṣì fún un pé kó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.